Ẹ̀rọ Ìkéde ní Ọsibítù Àánú

Ó di ọ̀sẹ̀ keje tí Ọnọrébù Olúṣẹ̀yẹ àti ọsibítù Àánú ti ń sọ òkò ọ̀rọ̀ lu ara wọn lórí rédíò kí ọmọ inú Bùsírátù tó ní òun ń bọ̀ wá sáyé. Ọmọ ò gbọ́ rédíò. Ká ní ó gbọ́ ni, bóyá ì bá fara balẹ̀ díẹ̀ sí i.

Ta ni kò mọ̀ nípa ìjà náà ní Abẹ́òkúta lọ́dún yẹn? Àwọn Sísítà ìjọ Kátólíìkì ló dá ọsibítù Àánú sílẹ̀ lójú ọ̀nà Kọ́bapẹ́, wọn kì í sì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù. Ìwòsàn ọ̀fẹ́ ni ẹgbẹ́ Ọnọrébù fi wọlé ìbò, wọ́n sì ṣèlérí pé ìjọba yóò máa fún ọsibítù náà lówó ìrànwọ́. Oṣù mẹ́sàn-án gbáko, owó ò yọjú. Dókítà Ògúnsanwó, olórí ọsibítù, bọ́ sórí rédíò, ó ní oògùn ń tán lọ, ẹ̀rọ iná àwọn sì ti kú. Ọnọrébù, tó jẹ́ pé ìwé owó náà ò lè kọjá àfi tó bá fọwọ́ sí i, fèsì pé àwọn Sísítà ti jẹ owó, wọ́n tún ń lé aláìsàn. Dókítà ní kí ẹni tí wọ́n lé wá sọ orúkọ ara rẹ̀. Ọnọrébù ní òun máa mú un wá. Bí èyí bá sọ̀rọ̀ láàárọ̀, tọ̀hún á fèsì lálẹ́. Ẹnu dùn-ún ròfọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ ẹnu ò yó aláìsàn kankan.

Ọmọ Àlàájì Sàlàhúdíìnì ni Bùsírátù. Àlàájì ń ta aṣọ funfun fáwọn aláàdìrẹ ní Ìtòkú, òun náà sì ni alága ẹgbẹ́ Ọnọrébù ní wọ́ọ̀dù wọn. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ìjà yẹn ló kó gbogbo ilé jọ sí pálọ̀, tó na ìka sókè. Ó ní ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni nínú ilé òun ò gbọdọ̀ tẹ ọsibítù Àánú mọ́, kí wọ́n wá ibòmíràn fún Bùsírátù. Sìlífátù ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀, ó ní, "A ti gbọ́, Àlàájì."

Ẹ mọ obìnrin Ìtòkú. Pé ó gbọ́, kò sọ pé ó gbà.

Abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ tí Bùsírátù kọ́kọ́ bí jáde, ní ọsibítù Àánú náà ni, Dókítà Ògúnsanwó sì ti kì í nílọ̀ pé kò gbọdọ̀ bí èkejì síbi tí òun ò ti ní í fojú rí i. Mùsílíù ọkọ rẹ̀ ń wa tírélà lọ sí Kánò, ìdí nìyẹn tó fi wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ẹ̀rù ta ni kí Sìlífátù wá bà, ti Ọnọrébù ni àbí ti abẹ? Gbogbo Ọjọ́rú, tó jẹ́ ọjọ́ àyẹ̀wò, ló ń mú ọmọ rẹ̀ lọ. Bí Àlàájì bá bi í pé ibo ló ń lọ, á ní òun ń lọ ra láfún ní Kọ́bapẹ́. Kò sí ẹni tó lè bá aláàdìrẹ jiyàn lórí láfún. Òun là ń jẹ, òun náà là ń rò bí ẹ̀kọ láti fi ya aṣọ. Kí irọ́ má baà ní ihò, Sìlífátù ń ra láfún náà lóòótọ́, àpò kan lọ́sẹ̀ kan, ó sì ń gbé e wọlé lójú ọkọ rẹ̀.

Ní ìdájí Ọjọ́rú tí à ń wí yìí, Àlàájì ṣì wà ní mọ́sálásí nígbà tí omi da lára Bùsírátù. Sìlífátù da ìdérí bo ìkòkò aró. Ó fi ìró méjì lé ọmọ rẹ̀ léjìká, wọ́n sì bọ́ sí títì lọ dá takisí dúró.

Àlàájì dé, kò bá ẹnì kankan nílé. Kò fu ú lára. Ọjọ́rú ni, ọjọ́ láfún. Oúnjẹ rẹ̀ wà lábẹ́ àwo, láfún ni, ó jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀, ó da ìyókù nù. Ọkàn rẹ̀ ò sí lára oúnjẹ. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Ọnọrébù ń bọ̀ ní Ìtòkú fúnra rẹ̀ láti wá bá ìlú sọ̀rọ̀ lórí ọsibítù náà, gbohùngbohùn mẹ́rin ni wọ́n máa so kọ́ sára ilé. Jẹnẹrétọ̀ tuntun tí ẹgbẹ́ rà láti máa fún gbohùngbohùn níná wà ní pálọ̀ Àlàájì, ó fi aṣọ funfun bò ó bí ẹni bo ìyàwó. Ó ṣí aṣọ náà, ó nu eruku tí kò sí níbẹ̀.

Ibi tó ti ń nu ún ni Ìyá Ṣéhù, aládùúgbò wọn tí òun náà ń rẹ aró, ti yọjú láti ẹnu ọ̀nà.

"Àlàájì, ẹ kú àárọ̀. Ẹ kú àfojúsọ́nà. Ọlọ́run á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀."

"Àfojúsọ́nà kí ni?"

Ìyá Ṣéhù fọwọ́ bo ẹnu. Ó pẹ́ jù. Àlàájì wò ó títí, obìnrin náà sì rí i pé kò sí ibi tí òun fẹ́ gbà.

"Mo rò pé ẹ mọ̀ ni," ó ní. "Mo rí wọn ní ìdájí. Ọmọ náà ò lè rìn dáadáa mọ́."

"Ibo ni wọ́n lọ?"

Ìyá Ṣéhù bojú wo ilẹ̀. Ó ní òun gbé nǹkan kaná, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Àlàájì wọ ilé ìdáná lọ. Ó tó ọdún mélòó kan tó ti débẹ̀ kẹ́yìn. Àpò láfún mẹ́fà tò ti ògiri, ọ̀kan péré ni wọ́n ti tú ẹnu rẹ̀. Ó dúró níwájú wọn. Gbogbo ìgbà tó ń ráhùn pé láfún pọ̀ jù nínú ilé yìí, tó ń rò pé nítorí ọjà ò yá ni ìyàwó òun ṣe ń ṣọ́ owó ná, ó wá yé e. Ó ka àwọn àpò náà pẹ̀lú ìka, ó ka àwọn Ọjọ́rú tó ti kọjá. Kọ́bapẹ́ ni gbogbo wọn, ojú ọ̀nà ọsibítù Àánú. Inú bí i débi pé fìlà ló gbàgbé, ó ní láti padà wọlé wá mú un.

Ìbínú ló gbé e dé ọsibítù Àánú. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé òun yóò gbé ọmọ òun kúrò níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Sìlífátù ló kọ́kọ́ bá, ó jókòó sí fàráńdà wọ́ọ̀dù àwọn aláboyún, ó gbé báàgì sórí itan.

"Sìlífá, ta ló ní kí o gbé ọmọ mi wá síbí?"

"Ẹ kú àárọ̀, Àlàájì."

"Mo ní ta ló ní kí o gbé ọmọ mi wá síbí?"

"Ọmọ yín ni. Inú tèmi ló kọ́kọ́ sùn sí."

"Láfún," ni Àlàájì wí. "Láfún lo ń rà láti ọ̀sẹ̀ méje."

"Mo rà á. Ṣé ẹ ò jẹ ẹ́ ni?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín láàárín àwọn tó jókòó. Ojú Àlàájì pọ́n. Ó ní òun ni olórí ilé tàbí òun kọ́? Ó ní ṣé Sìlífátù mọ̀ pé orúkọ òun ni wọn yóò máa fà lọ́jà, pé ọmọ alága ló lọ bímọ sílé ọ̀tá? Sìlífátù jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè.

"Owó tí ilé ọ̀tá yìí ń dúró dè, láti ìgbà tí Bùsírá ti lóyún ni wọ́n ti ń dúró dè é," ó ní. "Ẹ̀yin àti Ọnọrébù yín, ẹ kàn ń bá rédíò sọ̀rọ̀. Dókítà ti wò ó. Ọmọ dábùú. Ẹ wọlé lọ, ẹ lọ sọ fún ọmọ inú rẹ̀ pé ọmọọmọ alága ni, kó yí padà."

Sìlífátù ti sọ tirẹ̀ tán. Ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, ó ń mi ẹsẹ̀.

Mátírọ́nù Adépéjú, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó wọ funfun, jáde wá. Ó kúnlẹ̀ kí Àlàájì, ó ní kí wọ́n má bínú, Bùsírátù ò ṣeé gbé kúrò níbi tó wà. Títì tó rí gbágungbàgun yẹn, ojú abẹ àtijọ́ inú rẹ̀ lè já. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe fún un lónìí.

Ẹ̀rù wá ba Àlàájì. Ẹ̀rù yàtọ̀ sí ìbínú, kì í pariwo. Ó kówọ́ sápò agbádá, ó fa nǹkan kan tí ó fi ọ̀rá wé yọ, ó tú u, ó nà án sí Mátírọ́nù.

Káàdì ẹgbẹ́ ni.

Ẹ má fi í rẹ́rìn-ín. Òun fúnra rẹ̀ ló pín káàdì náà káàkiri Ìtòkú nígbà ìbò, ilé dé ilé, tó ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé kọ́kọ́rọ́ ọsibítù rèé, pé ẹni tó bá ti ní in lọ́wọ́, ìwòsàn rẹ̀ ti parí. Ohun tí wọ́n sọ fún un náà ló ń sọ. Àgbàlagbà tó mọ owó kà, tó ti lọ sí Mẹ́kà padà dé, ó gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ tọkàntọkàn. Irú irọ́ báyìí ni mo kórìíra jù, irọ́ tí ẹni rere ń bá wọn tà láìmọ̀.

Mátírọ́nù wo káàdì náà, ó wo ojú Àlàájì. Ó fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà fún un.

"Bàbá, a ò béèrè káàdì," ó ní. "Nígbà tí ọmọ yín dé láàárọ̀, orúkọ rẹ̀ nìkan la béèrè. Iná la ò ní."

Ìjì ọjọ́ Àìkú ló wó òpó iná lójú títì. Ẹ̀rọ iná ti ọsibítù sì ti kú láti ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀, owó tí wọ́n fẹ́ fi tún un ṣe ni owó tí wọ́n ń pariwo lé lórí. Sísítà kan ti gbé ọkọ̀ jáde láti ìdájí lọ wá ẹ̀rọ yá, kò tíì dé. Dókítà Ògúnsanwó náà jáde, ó ti fọwọ́, ó gbé ọwọ́ sókè kó má baà kan nǹkan. Ọkùnrin gíga kan ni, kò jọ ẹni tó ń bá ènìyàn jà lórí rédíò. Ó jọ ẹni tí kò sùn.

"Bàbá, mo lè fi àtùpà rán ojú egbò," ó ní. "Inú tí a ti là rí, mi ò lè fi àtùpà là á. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya, ẹ̀rọ la fi ń fà á kúrò ká tó lè rí ibi tí à ń rán. A ó dúró títí ìrun ọ̀sán. Bí a ò bá rí iná nígbà yẹn, mà á là á bẹ́ẹ̀ náà, kí Ọlọ́run bá wa mú un."

Wọ́n padà wọlé. Àlàájì jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

Àgbẹ̀ kan ló wà lórí bẹ́ǹṣì náà, ó so ìlẹ̀kẹ̀ Ọ̀ṣun mọ́ ọrùn ọwọ́, iṣu márùn-ún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Fárọ̀mbí lorúkọ rẹ̀, láti abúlé kan lẹ́yìn Odeda ló ti wá. Ejò ló bu ìyàwó rẹ̀ jẹ lóko, ọjọ́ kọkànlá rèé tó ti wà nínú wọ́ọ̀dù.

"Ó ti ń jókòó," ó sọ fún Àlàájì, bí ẹni pé Àlàájì bi í. "Lánàá ó bú mi pé mo pẹ́. Ara ti ń yá nìyẹn. Wọn ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi, mo bá ní kí n máa gbé iṣu wá, wọ́n fi ń bọ́ àwọn tí kò lẹ́nì kankan."

Àlàájì ní, "Ẹ kú ewu."

"Àwa tí à ń bọ òrìṣà, ohun tí à ń sọ fún òrìṣà ni pé bí o ò bá lè gbè mí, ṣe mí bí o ṣe bá mi. Òrìṣà á gbọ́. Àwọn òṣèlú yìí ni kò gbọ́." Fárọ̀mbí gbá eruku kúrò lára iṣu. "Ọjà tó kọjá, wọ́n gbé ẹ̀rọ kan wá sí Odeda, wọ́n fi ń bú ọsibítù yìí. Gílóòbù tó tàn lára ọkọ̀ wọn lọ́sàn-án gangan, mo kà á, mẹ́wàá ni. Lọ́sàn-án, Àlàájì. Oòrùn ń ràn. Ẹyọ kan nínú rẹ̀ ni dókítà yìí ń wá."

Kò mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Àlàájì náà ò sọ fún un. Ó mọ gílóòbù mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, òun ló yan àwọ̀ wọn. Ó mọ ẹ̀rọ náà, òun ló nu ún láàárọ̀ yìí. Igbe Bùsírátù jáde láti inú wọ́ọ̀dù, kò gùn, ó pa á mọ́ ẹnu bí ẹni tó ń tijú. Àlàájì dìde.

Sìlífátù rí i tó ń lọ sí ọ̀nà géètì. Ó rò pé ìpàdé Ọnọrébù ló ń lọ. "Ẹ bá mi kí wọn o," ó wí tẹ̀lé e. Ó dun Àlàájì, ṣùgbọ́n kò yíjú padà.

Lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ní Ìtòkú, Jùbrílù ti ń dúró dè é. Òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù, ó gbé wáyà kọ́ èjìká, ara rẹ̀ ò balẹ̀.

"Àlàájì, a ti ń wá yín. Ọnọrébù ti kúrò nílé, akọ̀ròyìn rédíò náà ń bọ̀. Kọ́kọ́rọ́ pálọ̀ dà?"

Àlàájì ṣílẹ̀kùn. Ó ṣí aṣọ kúrò lórí ẹ̀rọ. "Bá mi gbé ẹsẹ̀ ọ̀hún."

"Ọkọ̀ ìkéde ò tíì dé, Àlàájì."

"Ọsibítù Àánú là ń gbé e lọ."

Jùbrílù rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé òun nìkan ló ń rẹ́rìn-ín, ó dákẹ́. "Ẹ̀rọ ẹgbẹ́ ni, Àlàájì."

"Ẹgbẹ́ wo? Èmi ni alága, ìwọ ni akọ̀wé. Ó ku ta?"

"Wọ́n á yọ yín nípò. Ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n."

"Kí wọ́n yọ mí," ni Àlàájì wí. "Ọmọ tó dábùú sínú Bùsírá, ṣé àwọn ni yóò bá mi yọ ìyẹn náà?"

Jùbrílù wo ẹ̀rọ, ó wo Àlàájì. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, ẹ̀rù ló ń bà á. Ó ju wáyà sílẹ̀, ó sáré jáde lọ sọ fún Ọnọrébù. Ó ku Àlàájì nìkan pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ọkùnrin méjì ò lè gbé. Ó gbìyànjú láti wọ́ ọ. Ó wọ́ ọ dé ẹnu ọ̀nà, ó jókòó lé e lórí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Ìyá Ṣéhù ló tún yọjú. Kò bi í ní nǹkan kan lọ́tẹ̀ yìí. Ó yíjú sí agbo ilé, ó pè, àwọn aláró mẹ́fà sì jáde tọwọ́tọwọ́ tó dúdú fún aró títí dé ìgbọ̀nwọ́.

"Ibo là ń gbé e lọ, Àlàájì?"

"Ọ̀dọ̀ Bùsírá."

Wọ́n ti gbọ́, ó ti tó. Igi tí wọ́n fi ń ro aró ni wọ́n kì bọ abẹ́ ẹ̀rọ náà, igi méjì, mẹ́ta ní iwájú, mẹ́ta lẹ́yìn, Àlàájì di etí kan mú. Píkọ́ọ̀pù tí Àlàájì fi ń kó aṣọ ọjà ò lè wọ ọ̀nà inú Ìtòkú, ó ń dúró lójú títì. Aṣọ tútù wà lórí okùn láti ògiri dé ògiri, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹ̀kọ yà, èyí tí aró ń kán lára rẹ̀. Kò sí bí ẹ̀rọ yóò ṣe kọjá lábẹ́ wọn. Ìyá Ṣéhù ṣíwájú, ó ń tú okùn. Aṣọ ń wó lulẹ̀, ẹ̀kọ ń pa pọ̀ mọ́ yẹ̀pẹ̀. Àgbàlagbà obìnrin kan jáde láti inú ilé, ó bá iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta rẹ̀ nílẹ̀, iyẹ́ adìyẹ tó fi ń yà á ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ó wo aṣọ náà.

"Aṣọ ni," ó ní. "Mà á tún un yà."

Ó sì bá wọn gbé e. Fìlà Àlàájì bọ́ sí ibì kan lójú ọ̀nà, aró ta sí agbádá rẹ̀ láti ọrùn dé ìdí. Ọkùnrin tó ń ta aṣọ funfun láti ogún ọdún, ọjọ́ náà ni aró kọ́kọ́ kàn án. Àwọn obìnrin náà rí i, wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó kù díẹ̀ káwọn gbé òun náà bọ inú ìkòkò. Ó rẹ́rìn-ín, omi sì wà lójú rẹ̀.

Nígbà tí píkọ́ọ̀pù wọ géètì ọsibítù, ìrun ọ̀sán ti kọjá. Dókítà ti pàṣẹ kí wọ́n tan àtùpà. Mátírọ́nù sáré jáde pẹ̀lú ẹni tó mọ̀ nípa iná, wọ́n so wáyà. Wọ́n fa okùn ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan, kò dáhùn. Wọ́n fà á lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́ẹ̀kẹta ó wúkọ́, ó mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké, iná sì tàn lójú fèrèsé yàrá iṣẹ́ abẹ. Sìlífátù dìde lórí fàráńdà, ó wo fèrèsé, ó wo ọkọ rẹ̀ tó wà lórí ìdúró láìní fìlà, tó rí bí aṣọ tí wọ́n rẹ tí kò mú. Ó tún jókòó.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Ọnọrébù Olúṣẹ̀yẹ dé, Jùbrílù wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọkùnrin tó sanra dáadáa ni, ó mọ ènìyàn kí, ṣùgbọ́n kò kí ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ yẹn.

"Àlàájì, kí lẹ fi mí ṣe yìí? Ìlú ń dúró dè mí ní Ìtòkú, kò sí ohùn. Jùbrílù, lọ pa ẹ̀rọ yẹn, kí ẹ gbé e sọ́kọ̀."

Jùbrílù ṣísẹ̀ méjì, ó dúró. Àwọn aláró ti jókòó yí ẹ̀rọ náà ká, wọ́n na ẹsẹ̀, wọ́n kó ọwọ́ dúdú lé itan. Wọn ò bínú. Wọ́n kàn jókòó ni bí ẹni tó ń gba atẹ́gùn. Sìlífátù sọ̀ kalẹ̀ láti fàráńdà, ó wá jókòó ti Ìyá Ṣéhù.

"Ẹ bá wa yẹ̀ ẹ́, ẹ̀yin ìyá," ni Jùbrílù ń bẹ̀ wọ́n.

"Ọmọ mi wà nínú ibẹ̀, inú rẹ̀ ṣí sílẹ̀," ni Sìlífátù wí. "Wá pa á."

Jùbrílù ò lọ. Ó yíjú sí Ọnọrébù, ó sì mi orí, ó jọ pé òun fúnra rẹ̀ ni kò mọ ìgbà tó mi orí náà. Lẹ́ẹ̀kan náà ni akọ̀ròyìn rédíò wọlé, ó gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kọ́rùn. Ó ti lọ sí Ìtòkú, wọ́n ní ibí ni gbogbo wọn wà. Ẹ ò rí bí ojú Ọnọrébù ṣe yí padà. Ìbínú wọlé lọ, ẹ̀rín jáde.

"Ẹ gbé e wá, ẹ gbé e wá," ó wí fún akọ̀ròyìn, ó tún agbádá ṣe. "Ẹ̀yin ará Ẹ̀gbá, ẹ rí i fúnra yín. Wọ́n ní mi ò fẹ́ràn ọsibítù yìí. Èmi Olúṣẹ̀yẹ ni mo ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ iná yìí wá fún wọn, ọ̀fẹ́, nítorí ìlera mẹ̀kúnnù. Alága wọ́ọ̀dù wa nìyí, òun náà lè jẹ́rìí."

Akọ̀ròyìn na ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ sí ẹnu Àlàájì. Ọdún mẹ́rin ni Àlàájì ti fi ń jẹ́rìí fún Ọnọrébù, ẹnu rẹ̀ sì ti mọ ọ̀nà náà.

"Ẹ̀rọ ìkéde ni," ó ní. Ohùn rẹ̀ kéré. Akọ̀ròyìn sún mọ́ ọn. "Wọ́n rà á láti máa fi kéde pé ọsibítù yìí ń lé aláìsàn. Èmi náà bá wọn kéde rẹ̀. Ọmọ mi dé síbí ní ìdájí òní, kò mú káàdì, kò mú kọ́bọ̀, wọn ò lé e. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n béèrè. Ọnọrébù ní òun ti fi ẹ̀rọ tọrẹ, a dúpẹ́, gbogbo ìlú ti gbọ́, kò ní padà mọ́. Owó oṣù mẹ́sàn-án wá ńkọ́, Ọnọrébù? Ọjọ́ wo lẹ máa fọwọ́ sí i?"

Ọnọrébù wo ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀. Ó ń yí. Ó wo àwọn aláró, ó wo Fárọ̀mbí àti àwọn tó ti kóra jọ láti wọ́ọ̀dù, àwọn kan di ògiri mú. Ìbò ọdún tó ń bọ̀ ò jìnnà.

"Kí oṣù yìí tó parí," ó ní.

"Àmín," ni Ìyá Ṣéhù wí, àwọn yòókù sì gbà á lẹ́nu rẹ̀, wọ́n ṣe é ní àdúrà mọ́ ọn lọ́rùn. Bóyá yóò san án ní tòótọ́, mi ò lè búra. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a ṣe àmín sí lójú gbogbo Ẹ̀gbá, tí rédíò gbé mì, ó ṣòro fún ẹni tó ń wá ìbò láti pọ̀ ọ́. Ọnọrébù bá Àlàájì bọ̀wọ́ fún fọ́tò tí ẹnikẹ́ni ò yà, ó sì lọ. Jùbrílù ò tẹ̀lé e. Ó bu epo sínú ẹ̀rọ.

Mátírọ́nù ló mú ìròyìn jáde lẹ́yìn ìrun alásàárì. Obìnrin ni ọmọ náà, ó ti ké. Ẹ̀jẹ̀ ya púpọ̀, ìyá rẹ̀ ṣì ń sùn, Dókítà ò sì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n dúró. Fárọ̀mbí fọ́ iṣu sísè fún wọn lórí ewé, Àlàájì kò mọ ìgbà tí òun jẹ ẹ́. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, wọ́n pè wọ́n wọlé.

Bùsírátù ò tíì la ojú dáadáa. Ojú rẹ̀ kọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri tí ìyá rẹ̀ jókòó sí, òun nìkan ló lè rí. Àlàájì dúró níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì.

"Màámi, ọmọ dà?"

"Ó ń bẹ. Ó sanra, ó fẹ́ràn ariwo."

Bùsírátù rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà dùn ún níkùn. Ó dákẹ́, ó mí sókè, ó tún sọ̀rọ̀, ó sì yára sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀.

"Màámi, mo bẹ̀ yín. Ẹ má jẹ́ kí Bàbá mọ̀ pé ibí ni mo bí i sí."

Sìlífátù gbójú sókè wo ọkọ rẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ méje tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò, kò sí èyí tó wọ Àlàájì lára tó ọ̀rọ̀ yẹn. Ọmọ tí wọ́n là nínú, tí ẹ̀jẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára rẹ̀, ìbẹ̀rù bàbá rẹ̀ ló jí bá.

Ó rìn yí bẹ́ẹ̀dì ká. Ó jókòó síbi tí ojú rẹ̀ yóò ti bọ́ sí tirẹ̀.

"Bùsírá," ó ní. "O kú ewu ọmọ."

Bùsírátù fẹ́ dìde, kò lè dìde. Àlàájì gbé ọwọ́ lé e lórí, ọwọ́ náà dúdú fún aró. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Ìgbà wo ni wọ́n ní kó tún wá fún àyẹ̀wò?"

"Ọjọ́rú tó bá tẹ̀lé ìgbà tí wọ́n bá dá a sílẹ̀," ni Sìlífátù wí. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ bá a sọ nìyẹn látàárọ̀ láìsí ẹ̀gún nínú rẹ̀.

"Èmi ni mà á mú un wá," ni Àlàájì Sàlàhúdíìnì wí.